Koríko Igun Ilé Wa

Aago méje àárọ̀ ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù karùn-ún ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbin koríko sí igun ilé wa ní ìlú Ìṣẹ́. Títì kan gba iwájú ilé wa, òmíràn gba ẹ̀gbẹ́. Bí òjò bá rọ̀, omi títì méjèèjì ló ń pàdé ní igun náà, tó ń gbá iyẹ̀pẹ̀ lọ. Àwọn ọlọ́kadà tó sọ àgbàlá wa di ọ̀nà àbùjá sì ń fi táyà hú èyí tí omi bá ṣẹ́kù. Ìpìlẹ̀ ti yọ síta lábẹ́ yàrá ìyá mi. Ilé yẹn nìkan ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún un kó tó kú.

Mo fi òkúta dí ojú ọ̀nà àwọn ọlọ́kadà. Mo kó iyẹ̀pẹ̀ bo ìpìlẹ̀, mo wá gbin koríko tó ń fà mọ́lẹ̀ sórí rẹ̀.

Ọlọ́kadà kan dúró. "Àǹtí, ẹ̀gẹ́ ni àbí ewédú?"

"Koríko ni."

"Koríko! Èyí tí bàbá mi ń sanwó kí wọ́n bá òun ro dànù lóko?" Ó rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀kadà fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Yunifásítì tí ẹ lọ yìí mà ṣiṣẹ́ o!"

Mo ń gbin tèmi lọ. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní oko. Igun ilé kì í ṣe oko.

Koríko náà gbilẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo lọ sí Ìkẹ́rẹ́, nígbà tí mo fi máa dé, igun ilé ti mọ́ féfé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ń dá oko kòkó, jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń mu omi, ọkọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Mo ti bá ọ tọ́jú ulé yín. Igbó ti fẹ́ gbé ìyá rẹ mì."

"Mo ní kí wọ́n má ro ó," ni ìyá mi wí. "Wọ́n ní ojú ń ti àwọn nítorí àwọn tó ń kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n màá tún un gbìn."

"Ta lo rí tó gbin koríko sẹ́nu ulé rí ní Ìṣẹ́?"

"Mi ò rí ẹnì kankan. Mi ò sì rí ilé mìíràn ládùúgbò yìí tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ yọ síta."

"Ẹ bu sìmẹ́ǹtì sí i."

"Òun la kọ́kọ́ bu sí i. Omi gbé e lọ."

Ó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká. "Bó bá tún di igbó, màá tún wá ro ó."

"Bí ẹ bá ro ó, màá tún un gbìn, Bàbá."

"Olórí kunkun! Bàbá rẹ gan-an nìyí."

Gbòǹgbò koríko tó ro kó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kò tíì gbẹ. Mo gbìn ín padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mi ò lè sọ pé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti gbà fún mi. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò lè sọ pé àwọn ọlọ́kadà ti jáwọ́. Mo ṣì ń rí ojú táyà lẹ́bàá òkúta. Àmọ́ òjò ńlá kan rọ̀ lóru ọ̀sẹ̀ yìí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ wò ó. Omi ti tẹ gbogbo koríko náà dojú kọ títì. Mo ki ìka bọ abẹ́ rẹ̀ lẹ́bàá ògiri: iyẹ̀pẹ̀ ni mo bá níbẹ̀, ìka mi kò kan búlọ́ọ̀kù ìpìlẹ̀ mọ́.