Wáyà àrá ti wọ yàrá Ìyá Pọ́ọ̀lì

Àrá ń sán ní Akébé, àdúgbò wa, báyìí, aládùúgbò mi, Ìyá Pọ́ọ̀lì, sì ti ti ilẹ̀kùn mọ́ra wọn torí mi.

Ẹ mọ̀ pé mo ní òpó eriali lórí òrùlé, òun ni mo fi ń bá àwọn onírédíò ẹlẹgbẹ́ mi sọ̀rọ̀. Wáyà kan ti ibẹ̀ wọlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ìyá yìí. Bí àrá bá bọ́ lu òpó, wáyà yẹn ló máa gbé e wọlẹ̀.

Mo dé láti ọjà lọ́sàn-án yìí, n ò rí wáyà nínú ilẹ̀ mọ́.

"Ìyá, ta ló hú wáyà mi?"

"Èmi ni. Mo mọ̀ pé o ri oògùn mọ́lẹ̀ síbẹ̀. Mo ti so wáyà ẹ mọ́ irin fèrèsé mi, kó má baà wọlẹ̀ mọ́."

Abẹ́ fèrèsé yẹn ni ibùsùn wọn wà.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò nínú yàrá yẹn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ó ti ń dùn ẹ́, àbí?"

Bí mo ṣe ń bẹ̀ wọ́n, bẹ́ẹ̀ ló túbọ̀ ń dá wọn lójú. Èmi náà ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan wáyà mọ́, òjò ti dé Nombakélé, àdúgbò tó wà nítòsí wa.

Wọ́n ti ń kọrin ìṣẹ́gun nínú yàrá.

Ẹ tètè dá mi lóhùn: kí ni mo lè sọ tí wọn ò ní pè ní oògùn?