Ẹni Tí A Bá Jọ Jẹ Iṣu

Bí mo bá gbọ́ "Ẹ dá a dúró ná," Àǹtí ni mo máa ń rántí, àbúrò bàbá mi tó jẹ́ tíṣà ní Osi. Láyé fídíò kásẹ́ẹ̀tì, ilé wọn la ti ń wo fíìmù àwọn tó ń fi ọkọ̀ rìn lójú ọ̀run. Ibi tó bá ti rú wọn lójú, wọn á ní, "Ẹ dá a dúró ná," a ó sì dá fíìmù náà dúró, ká jọ jiyàn lé e lórí.

Nígbà tó yá, fíìmù tuntun dé, ìtàn ìgbà èwe ọ̀gá ọkọ̀ náà. Nínú ti àkọ́kọ́, ọ̀gá ní òun ò mọ ọ̀tá òun rí. Nínú èyí, àwọn méjèèjì jọ ń jẹun nínú abọ́ kan.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Àwọn tó ṣe é ló ṣàṣìṣe."

Àǹtí ki iṣu bọ epo. "Àṣìṣe kọ́. Ìjà ló dé sáàárín wọn. Ẹni tí a bá jọ jẹ iṣu kì í ṣeé gbàgbé. A kàn máa ń ní a ò mọ̀ ọ́n ni."

A fi wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Lọ́jọ́ ìsìnkú kan ní Ìlọfà, ọkùnrin kan tó ti hewú fi oríkì pe Àǹtí, ó ń rẹ́rìn-ín. Àǹtí gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. A bi wọ́n pé ta ni.

"Èmi ò mọ̀ ọ́n rí."

Ẹ̀gbọ́n mi wò wọ́n lójú. "Àǹtí, ẹ dá a dúró ná. Iṣu wo lẹ jọ jẹ?"