Pọ́ǹpù Tí À Ń Kí Láàárọ̀

Bí mo bá gbọ́ òórùn èèpo kájú tí iná ń jó, ibi yòówù kí n wà, Ṣábẹ ni ọkàn mi ń lọ. Ọyẹ́ á wà níta, àwọn òkè á yọ díẹ̀díẹ̀ nínú kùrukùru, wọn á tún pòórá. Láwọn ọdún yẹn, mi ò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín ìgbà tí mò ń lálàá àti ìgbà tí mò ń ṣiṣẹ́. Ìbínú nìkan ló máa ń jí mi dáadáa, ó sì máa ń tètè dé. Ẹ bi ọkọ mi.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń sun kájú, tí wọ́n sì ń bó o, ló gbà mí wá láti Pọbẹ̀. Iṣẹ́ mi ni láti bójú tó gbogbo ohun tí a fi ń pa iná níbẹ̀: àwọn agolo pupa tó wà lára ògiri, táǹkì omi ńlá kan, páìpù tó gba abẹ́ ilẹ̀ yí ilé iṣẹ́ ká, àti pọ́ǹpù tó ń ti omi náà. Gbogbo wọn ló ti gbó. Òróró tó wà nínú èèpo kájú kì í bá ènìyàn ṣeré rárá, tó bá gbiná, ó parí. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ti ń sun kájú gan-an ni gbọ̀ngàn tí àwọn obìnrin ti ń bó o wà, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló sì ní.

Mo máa ń gba gbọ̀ngàn náà kọjá láràárọ̀. Àwọn obìnrin á ti fi eérú ra ọwọ́ kí òróró má baà bó wọn lára, wọn á máa kọrin lábẹ́lẹ̀, oòrùn á gba ojú fèrèsé wọlé, eruku á máa fò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú rẹ̀. Màá dúró, màá máa wò. Ọ̀kan nínú wọn á ní, “Madamu Iná ti tún sùn lórí ìdúró o!” Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín.

Bàbá àgbà kan ló ń tọ́jú pọ́ǹpù. Pọ́ǹpù náà ti wà níbẹ̀ kí bàbá tó dé, nítorí náà àgbà ló kà á sí. Bó bá ti ṣílẹ̀kùn, á bọ́ fìlà, á ní, “Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ jí dáadáa?” Á fi aṣọ nù ún. Á wá tan án, ọwọ́ tó wà lára aago tó ń wọn agbára omi á gòkè dé ìdajì, bàbá á sì pa á. “Ó tó fún wọn,” ni yóò wí. Mo kọ́kọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó yá, ó wù mí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a kí pọ́ǹpù. Ọdún méjì ni mo fi ń kí i, tí mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé pé ó dára.

Ìwé àṣẹ ilé iṣẹ́ náà wá fẹ́ parí. Àwọn ará ìjọba ń bọ̀ láti Kùtọnú, kí wọ́n tó fún wa ní òmíràn, mo gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé gbogbo nǹkan ògbólógbòó wọ̀nyí ṣì lè ṣe iṣẹ́ wọn. Ọ̀gá wa ní, “Madamu, ẹ fọwọ́ sí i jàre. Bí wọn ò bá fún wa, oko iṣu ni gbogbo wa ń padà sí.” Mo jókòó ka ìwé náà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí a fi gbogbo agbára pọ́ǹpù dán páìpù wò.

Mo bi bàbá pé, “Baba, ìgbà wo lẹ ṣí i dé òpin kẹ́yìn?”

Ó wò mí bíi pé mo bú ìyá rẹ̀. “Ṣé o fẹ́ máa lé wọn sáré ni? O ò rí i pé wọ́n ti dàgbà?”

“Baba, iná ò ní béèrè ọjọ́ orí wọn.”

Ó dúró síwájú pọ́ǹpù, kò fẹ́ kúrò. Orí mi gbóná. Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, mo ṣí i fúnra mi.

Ọwọ́ aago kọjá ìdajì. Ohùn pọ́ǹpù yí padà, ó ń dún ketekete, kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn àwọn obìnrin, omi sì ru jáde, omi pupa. Mo mú àfọ́kù páìpù kan nínú ẹrẹ̀, ó rún sí mi lọ́wọ́ bí èèpo ẹ̀pà. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́ tán látinú. Àwọn obìnrin jáde, wọ́n ká aṣọ sókè, wọ́n ń fi omi náà fọ ẹsẹ̀, wọ́n ń ta á síra wọn lára. Ó dùn ún wò nínú oòrùn ọyẹ́ yẹn. Mo dúró láàárín wọn, mo sunkún.

Ọ̀gá ní ká dí i, ká máa lo ìdajì wa lọ. Ohun tí mo rí ni mo kọ. Àwọn ará Kùtọnú ní kò sí ìwé àṣẹ títí a ó fi pààrọ̀ páìpù, tí a ó sì yọ ilẹ̀kùn kejì sí gbọ̀ngàn. Wọ́n ti ilé iṣẹ́ pa. Àwọn obìnrin tó ń bá mi ṣeré ò kí mi mọ́. Mo lọ ra ata lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn, ó ní ó ti tán, ata sì kún àtẹ rẹ̀. Ó dùn mí gan-an, mi ò ní purọ́.

Bàbá ni mo ń retí pé yóò wá bú mi. Ó wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jókòó síwájú ilé mi, kò fọwọ́ kan omi tí mo gbé fún un.

Ó ní, “Ọmọ mi, ìyàwó mi wà lára àwọn tó ń bó kájú. Ẹ̀bá ògiri ibi tí a ti ń sun ún ló ń jókòó sí, láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbà á. Ẹ̀rù iná máa ń bà á. Àràárọ̀ ni mo ń sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀, pé èmi ni mo wà nídìí omi.” Ó bọ́ fìlà. “Mi ò tíì lè sọ fún un pé mi ò ṣí i ju ìdajì lọ rí. Wá bá mi sọ ọ́.”

Mo wá bàtà mi, a sì jọ lọ.