Ìrẹsì Ojú Ìlù

Ní aago méjì ọ̀sán, Sátidé kejì nínú oṣù Òkúdù tó kọjá, mo bá Auntie tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa ní Richmond Hill, ní Kánádà, níbi tí wọ́n ti ń fi aṣọ tútù nu ojú ìlù tí kì í ṣe tiwọn.

"Auntie, kí lẹ ń ṣe?"

"Wo ọmọ yìí. Ṣé o ò rí i ni? Ẹnì kan jẹun sórí ìlù."

Wọ́n ti nu ún tán. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ni ìlù náà, ọmọ ẹ̀yà Dai láti gúúsù ilẹ̀ Ṣáínà. A jọ ń ṣe shift ní ilé ìkẹ́rùsí kan ni, èmi ni mo sì pè é wá sí ọjọ́ àṣà wa. Ìlù náà gùn, ìdí rẹ̀ sì fẹ̀ bí ẹsẹ̀ erin. Kí ó tó lù ú, ó máa ń gún ìrẹsì sísè tó ń fà, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín awọ kí ohùn ìlù lè wálẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ fẹ́ jó ijó ọ̀kín, ohùn yẹn sì ni ẹsẹ̀ ọmọ náà ń tẹ̀ lé. Ó sọ fún mi pé láti ìgbà tí àwọn ti dé Kánádà, òun kò tíì lù ú fún un níwájú èèyàn rí.

Ó gbá awọ náà lẹ́ẹ̀kan. Ó dún bíi páànù. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní kí a fún òun láyè díẹ̀ kí òun lọ ra ìrẹsì lódìkejì títì. Auntie gbé kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù wọn wá pé kí ó fi ìyẹn dípò. Òróró kò jẹ́ kó lẹ̀. Mo rí i pé ojú tì wọ́n, mi ò sì bínú sí wọn mọ́.

Alága ètò ni mo bínú sí.

"Torí ìrẹsì la ó ṣe dá ètò dúró?"

"Uncle, ìrẹsì yẹn ló ń jẹ́ kí ìlù náà dún bó ṣe yẹ."

"Professor ni kí o máa pè mí. Ẹ fi orin kan sí i lórí fóònù, kí ọmọ náà jó. Ta ló máa mọ̀?"

"Bàbá rẹ̀ á mọ̀."

"Ṣé bàbá rẹ̀ ló sanwó gbọ̀ngàn?"

Mi ò lè sọ pé wọ́n kórìíra àwọn Dai. Mi ò ní ẹ̀rí. Ó lè jẹ́ pé àkókò ló ká wọn lára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà, wọ́n dá gbogbo wa dúró de aṣòfin kan títí àwọn ọmọdé fi sùn lórí àga. Àwòrán ọmọbìnrin yẹn ló sì tóbi jù nínú ìpolówó tí wọ́n fi pe èèyàn. Wọ́n fẹ́ ọ̀kín, wọn ò fẹ́ ìlù rẹ̀. Bí mo ṣe ń kọ èyí, inú ṣì ń bí mi.

Wọ́n tan fóònù. Ọmọ náà dúró lórí pèpéle nínú yẹ̀rì gbọ̀ọ̀rọ̀, ó wo bàbá rẹ̀, kò gbé ẹsẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀.

Àwọn kan ní bàbá náà sọ pé òun kò ní bá wa da nǹkan kan pọ̀ mọ́. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, kò sì sí lórí shift wa mọ́ kí n bi í. Ohun tí mo rí ni pé ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé ìlù náà, ó tẹ́ ẹ sí ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò, ọmọ rẹ̀ jókòó síwájú, wọ́n sì lọ nígbà tí fóònù ṣì ń kọrin nínú gbọ̀ngàn.