Fíìmù Tí Ìyá Àgbà Wò

Lánàá, ọmọ mi dojú fóònù délẹ̀, ó ń gbọ́ fíìmù bó ṣe ń ká aṣọ. Nígbà tó parí, ó ní méje nínú mẹ́wàá. Ìyá àgbà ló sọ sí mi lọ́kàn.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé nílé rẹ̀ ní Bẹẹrẹ, tí wọ́n bá ti kírun Alásàrí tán, èmi àti Ìyá àgbà la máa ń wo fíìmù, òun á sì fún un ní máàkì bíi tíṣà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwòrán pa rẹ́ lójú tẹlifíṣọ̀n, ohùn nìkan ló kù. Mo retí kó pariwo. Ẹ̀pà yíyan ló ń bó, ó ń rẹ́rìn-ín, ó kọjú sí gíláàsì dúdú yẹn.

Nígbà tí orin ìparí dún, ó ní, "Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Aṣọ ìyàwó yẹn ni ò wù mí."

"Ìyá, ẹ rí aṣọ rẹ̀?"

"Ta ni ò rí i?"

Ara fu mí. Mo tún wo gíláàsì náà dáadáa, ojú ara mi nìkan ni mo rí níbẹ̀. Ó wá dá mi lójú pé Ìyá àgbà ń rí ohun tí èmi ò rí.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo gbọ́ pé ojú rẹ̀ ti fọ́ nígbà yẹn, ó ń fi pa mọ́ káwọn ọmọ rẹ̀ má baà mú un lọ sí Èkó. Títí mo fi kúrò nílé yẹn, ẹ̀rù ojú rẹ̀ ò jẹ́ kí n yọ ẹran nínú ìkòkò.