Ilẹ̀ Pákó Baba Ẹsẹ̀ Lásán

Baba Ẹsẹ̀ Lásán, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, tó ń fi títún aago ṣe jẹun, dákẹ́ ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá lórí àga iṣẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú aago oníbàárà kan láàárín eyín rẹ̀. Oníbàárà náà dé ní ìrọ̀lẹ́, ó sunkún, ó kí àwọn ará ilé kú ará fẹ́ra kù, ó sì gba aago rẹ̀. Aago náà ń ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ti aago kọ́ ni àwọn tó mọ̀ ọ́n fi ń rántí rẹ̀. Ọjọ́ tó dùbúlẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ. Gbọ̀ngàn kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà. Kò gbà ju ọgọ́ta ènìyàn lọ, ibẹ̀ sì ni àwọn ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kéékèèké ti máa ń ṣeré ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Sátidé: àwọn tí kò sí ilé-iṣẹ́ ńlá kankan lẹ́yìn wọn, tí wọ́n ń fọwọ́ ara wọn gbé sípíkà wọlé, tí wọ́n sì ń fọwọ́ ara wọn gbé e jáde. Ilẹ̀ pákó ni ilẹ̀ ibẹ̀. Ẹni tó ni gbọ̀ngàn náà, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ọlọ́dà, pinnu láti hú pákó náà, kó da sìmẹ́ǹtì síbẹ̀. Ní Sátidé tí àwọn bíríkìlà wá wọn ilẹ̀, Baba Ẹsẹ̀ Lásán bọ́ bàtà, ó sì na gbalaja sí àárín gbọ̀ngàn.

"Baba, ẹ dìde," ni Ọlọ́dà wí.

"Ó ti rẹ̀ mí."

"Àga wà níbẹ̀ yẹn, ẹ lọ jókòó."

"Ó rẹ̀ mí kọjá ti àga."

"Ẹ jọ̀ọ́, pákó yìí ti gbó. Ó ti ń jẹrà!"

Baba ń wo ẹnu rẹ̀ ṣinṣin láti ilẹ̀. "Èmi náà ti gbó, mo ti ń jẹrà. Ṣé wọ́n ti da sìmẹ́ǹtì lé mi lórí ni?"

Aago márùn-ún lù. Ìdúró ti sú àwọn olórin, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ eré wọn. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ wo baba, wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì ń dùbúlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ fi kún. Àwọn bíríkìlà ká okùn tí wọ́n fi ń wọnlẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. Nígbà tí eré parí, baba dìde, ó ní nínú gbogbo eré tí òun ti wò láyé, èyí ni òun gbádùn jù. Ọlọ́dà wo ẹ̀yìn aṣọ gbogbo wọn, ó ní òun náà gbádùn rẹ̀, ó kéré tán wọ́n ti bá òun gbálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bàtà ti wà tipẹ́ kó tó kan ti ìdùbúlẹ̀. Láti ìgbà tó ti kọ́kọ́ wọ gbọ̀ngàn náà, ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ló ti ní ojú ibi tó máa ń dúró: apá òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà ńlá, lórí pákó kan tó máa ń mì. Yóò bọ́ bàtà, yóò bọ́ ìbọ̀sẹ̀, yóò ká ìbọ̀sẹ̀ sínú bàtà, yóò di ojú. Kì í jó. Àwọn ọ̀dọ́ rí i, wọ́n rò pé ọ̀wọ̀ ló ń bù fún orin. Ọ̀kan bọ́ tirẹ̀, èkejì bọ́ tirẹ̀, kí oṣù mẹ́fà tó pé, yàtọ̀ sí Ọlọ́dà, kò sẹ́ni tó ń wọ bàtà wọ ibẹ̀ mọ́. Àlejò kan bi baba léèrè ohun tó túmọ̀ sí. "Ṣé ìwọ ń wọ bàtà sùn ni?" ni baba fi dá a lóhùn. Àlejò náà yára kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó mi orí bí ẹni tó ti gbọ́ ọgbọ́n. Ẹsẹ̀ òsì bàtà méjì ló wọ̀ lọ sílé.

Bí eré bá parí, baba a máa ṣe ìdájọ́. Ẹgbẹ́ tó sábà ń ṣeré níbẹ̀ kò ju ènìyàn mẹ́ta lọ: onílù, tó ń ṣe búrẹ́dì, obìnrin tó ń ta gìtá béèsì, tó ń ta oògùn òyìnbó ní ọ̀sán, àti akọrin, tó jẹ́ tíṣà. Wọn kì í lọ sílé láìgbọ́ ọ.

"Ìwọ onílù, o sáré nínú orin kejì. Ta ló ń lé ọ?"

"Ẹ má bínú, Baba."

"Ìwọ ọmọ yìí, béèsì rẹ wọ egungun mi lónìí. O ṣeun." Lẹ́yìn náà ni yóò kọjú sí tíṣà, yóò wò ó látòkè délẹ̀. "Ṣẹ́ẹ̀tì yẹn yẹ ọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí jẹ tíṣà lọ́kàn gan-an. Ó ń fi omi gbígbóná yọ ọ̀fun, ó ń kọrin níwájú dígí, ó gbé ohùn sókè, ó gbé e wálẹ̀, baba kò sọ nǹkan kan. Ní ọjọ́ kan ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó di baba lọ́wọ́ mú. "Baba, ẹ jọ̀ọ́, ohùn mi ńkọ́?"

"Ohùn wo?" ni baba béèrè, tinútinú.

Tíṣà lọ jókòó sórí garawa ọ̀dà lẹ́yìn ilé. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ra ṣẹ́ẹ̀tì tuntun.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ìdí gbogbo rẹ̀, ìyẹn ọmọ rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù aago. Ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ọmọ yìí jáde lọ ra oúnjẹ ọ̀sán. Nígbà tó padà dé, aago ara ògiri mẹ́rìnlá ń dún lẹ́ẹ̀kan náà, baba sì tẹ orí ba, ó ń tú aago ọwọ́ kan wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni tó wà nínú ilé òfìfo. Ọmọ pè é láti ẹ̀yìn. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Baba kò wẹ̀yìn. Ìgbà náà ló yé e pé aago tí baba máa ń fi sáàárín eyín, tí àwọn oníbàárà ń pè ní ọgbọ́n àgbà, eyín ló fi ń gbọ́ ọ dípò etí, ojú ló sì fi ń ka ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn.

"Bàbá mi, ẹ jẹ́ ká lọ yẹ etí yín wò."

"Tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á sọ. Tí wọ́n bá sọ, ta ló máa gbé aago wá fún adití?" Ó mú ọmọ búra pé kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, baba lọ ra ọ̀dà ilẹ̀kùn, ó ṣèèṣì ya inú gbọ̀ngàn, ó sì gun orí pákó tó ń mì yẹn. Ìlù àti béèsì gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé, wọ́n gòkè dé àyà rẹ̀. Ó ti tó ọdún kan tí orin kankan ti bá a sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Ohùn ènìyàn nìkan ni kò lè gba inú pákó kọjá.

Láti ìgbà náà, ọmọ ló ń mú un lọ ní Sátidé gbogbo, torí pé baba kì í gbọ́ fèrè mọ́tò lójú ọ̀nà.

"Bàbá, ó ti rẹ̀ mí. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi ṣiṣẹ́."

"Ó rẹ èmi náà. Gbé àga."

Àga náà, baba kò jókòó lé e rí. Ọmọ ló ń jókòó lé e. Ó kórìíra ariwo yẹn, ó sì máa ń fi òwú di etí méjèèjì: ẹni tó ń gbọ́ràn di etí, ẹni tí kò gbọ́ràn ṣí àtẹ́lẹsẹ̀ sílẹ̀. Láàárín orin kejì sí ìkẹta, oorun á ti gbé e lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà tó ń bú ramúramù. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé fún ọdún mẹ́sàn-án, òun ni àwọn olórin ń káàánú pé kò gbọ́ràn.

Wọ́n sin baba ní Sátidé. Òun ni Sátidé àkọ́kọ́ tó pa jẹ. Ọmọ sùn ní Ọjọ́ Àìkú láti àárọ̀ di alẹ́, ó jí, ó ṣì rẹ̀ ẹ́. Ní Ọjọ́ Ajé, Ọlọ́dà wá kí i, ó jókòó dáadáa, ó fọwọ́ nu ojú, kó tó wá sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé níwọ̀n bí kò ti sí ẹni tó máa dùbúlẹ̀ mọ́, àwọn bíríkìlà ń bọ̀ lọ́la.

Ọmọ ro ọ̀rọ̀ náà títí. Bí ó bá dákẹ́, ìbúra rẹ̀ dúró, Sátidé rẹ̀ sì di ti oorun. Ṣùgbọ́n ibì kan ṣoṣo tí bàbá rẹ̀ ti ń gbọ́ nǹkan láyé máa di òkúta. Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó lọ. Àpò sìmẹ́ǹtì ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó rántí ìbéèrè sìmẹ́ǹtì tí baba bi Ọlọ́dà láti ilẹ̀ lọ́jọ́sí, ó sì rántí pé wọ́n ti dá a lóhùn nídìí sàréè ní Sátidé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má hú u."

Ọlọ́dà mí kanlẹ̀. "Àbúrò mi, ṣé ìwọ náà fẹ́ dùbúlẹ̀ ni?"

"Ó rẹ̀ mí tó bẹ́ẹ̀. Bí mo bá dùbúlẹ̀, ẹ ò ní rí mi gbé dìde." Ó wo òkè díẹ̀, bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì. "Bàbá mi kò gbọ́ràn. Ọdún kẹwàá rè é."

Ọlọ́dà rẹ́rìn-ín. "Ta ni kò gbọ́ràn? Ẹni tó ń bá onílù wí?"

"Ẹ bọ́ bàtà yín."

Oníbéèsì, tó wá kó sípíkà wọn kúrò lọ́nà àwọn bíríkìlà, ti lóye ọ̀rọ̀ náà. Ó so gìtá mọ́ iná. Ọlọ́dà kò bọ́ bàtà rí nínú gbọ̀ngàn ara rẹ̀. Ó bọ́ ọ lọ́jọ́ náà, ó gun pákó apá òsì, ó fi ìka di etí. Oníbéèsì ta okùn kan ṣoṣo, ó jẹ́ kó falẹ̀. Ọlọ́dà dúró bẹ́ẹ̀ títí ó fi tán.

"Ó dé orúnkún mi," ló wí. "Gbogbo ìjà tí mo bá a jà lórí pákó yìí, kí ló dé tí kò sọ fún mi?"

"Ó rẹ̀ ẹ́ láti máa ṣàlàyé."

Sìmẹ́ǹtì yẹn, wọ́n fi tún àtẹ̀gùn iwájú ṣọ́ọ̀bù ṣe. Wọ́n pààrọ̀ pákó méjì tó ti jẹrà ní tòótọ́. Èyí tó ń mì lápá òsì, Ọlọ́dà ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó máa mì.

Nígbà tí wọ́n sọ fún tíṣà, ó ṣe wọn bíi pé yóò bínú. "Ìyẹn ni pé kò gbọ́ ohùn mi rí?"

"Kò gbọ́ ọ rí."

Tíṣà bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹni tí kò gbọ́ mi wá fún ọdún mẹ́sàn-án! Àwọn tó gbọ́ mi, wọn kì í wá lẹ́ẹ̀kejì."

Eré ń bọ̀ ní Sátidé yìí, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ti lẹ ìwé ìpolówó mọ́ ilẹ̀kùn. Ọmọ baba ti sọ fún gbogbo ènìyàn pé òun máa sùn lọ́jọ́ náà, pé ọdún mẹ́sàn-án ni òun ti ń jẹ ara òun ní gbèsè oorun. Ṣùgbọ́n lánàá, nígbà tó dé ọ̀dọ̀ onílù láti ra búrẹ́dì, ó kìlọ̀ fún un kó má sáré nínú orin kejì, torí òun á mọ̀. Àga yóò wà nílé; orí pákó tó ń mì ni yóò dúró sí.