Odò Tí Wọ́n Fẹ́ Mú Mi Lọ Wò

Ní Sátidé tó kọjá, nígbà tí yìnyín àgbàlá wa ní Bolton bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, baba ará Ítálì tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ṣí ilẹ̀kùn gáráàjì rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Ọdọọdún ló máa ń ra èso àjàrà ní páálí páálí, á fún un, á sì rọ omi rẹ̀ sínú àgbá kó máa di wáìnì títí òtútù yóò fi lọ. Lọ́jọ́ náà, ó ń da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ àgbá nù. Òórùn kan gba orí fẹ́ńsì wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó kan, ó sì tún dùn díẹ̀. Ife tíì wà lọ́wọ́ mi, mo gbàgbé láti mu ún. Òórùn ẹmu àná ni, ẹmu tí ìfófòó rẹ̀ ti rọlẹ̀ sínú agbè. Fún ìgbà díẹ̀, mi ò sí ní Kánádà.

Kò yẹ kí irú òórùn bẹ́ẹ̀ bí ènìyàn nínú, ṣùgbọ́n ó bí mi nínú. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n pè mí sí ọ̀nà méjì. Làsísì, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré tó ṣì ń gbé nílé, pè mí lórí fóònù. Ó ní ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún yìí ti fa omi adágún tó bo abúlé wa débi pé itẹ́ òkú ti yọ síta, òun sì ti fojú ara òun rí òkúta tí a gbé sórí sàréè bàbá mi. Ẹnì kejì ni Kúdí, ọmọ mi obìnrin tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó fẹ́ mú mi lọ lo ìsinmi létí odò kan ní Jámánì, níbi tí wọ́n ti ń ṣe wáìnì. Nọ́ọ̀sì ni Kúdí, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ìsinmi tó kù fún un lọ́dún yìí. Dókítà sì ti ní kí n má dá rìnrìn àjò mọ́ láti ìgbà tí òòyì kọ́ mi tí mo ṣubú ní bálùwẹ̀. Ibi tí Kúdí bá lọ nìkan ni mo lè lọ. Òjò ilé ò sì ní í dúró dè mí, bó bá ti rọ̀, omi á tún bo sàréè náà.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ kò mọ̀ ju odò tí wọ́n fi irin yí ká lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ bí tiwa ṣe rí. Olókùúta lorúkọ rẹ̀, nítorí àwọn òkúta ńláńlá tó jókòó sínú rẹ̀ bí àgbà tó ń gba atẹ́gùn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi rẹ̀ máa ń mọ́ débi pé ènìyàn á máa wo ojú ẹja bí ẹja náà ṣe ń wò ó. Ọ̀pẹ pọ̀ létí rẹ̀, bàbá Làsísì ló sì ń dá ẹmu lórí wọn. Bàbá tèmi ni lèmọ́mù abúlé. Ọ̀rẹ́ ni àwọn méjèèjì, lọ́nà tiwọn. Bàbá mi á kọjá nísàlẹ̀ ọ̀pẹ, á gbójú sókè, á ní, “Mo kí yín o. Iṣẹ́ yín ni n ò kí.” Bàbá Làsísì á fèsì láti òkè pé, “Lèmọ́mù, ẹ ṣáà bá mi tọrọ kí igbà má já. Ẹ ò kúkú ní bá mi mu níbẹ̀.” Àwọn méjèèjì á wá rẹ́rìn-ín, bàbá mi á sì tọrọ ọ̀hún ní tòótọ́, nítorí mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ lẹ́yìn ìrun.

Èmi àti Làsísì la máa ń gbé agbè wálé, tí oyin á máa tẹ̀ lé wa bí ẹni pé àwa la jẹ ẹ́ ní gbèsè. Mo máa ń fi ewé efinrin ra ọwọ́ mi kí n tó wọlé. Ìyá mi á gbóòórùn efinrin náà, á ní, “Gbọ́wọ́ wá. Kí lò ń fi efinrin bò?” Kò sí ọjọ́ kan tí efinrin yẹn gbà mí sílẹ̀.

Nígbà tí òjò bá dé góńgó, Olókùúta á gun òkè wá sílé wa. A kì í pariwo rẹ̀. A ó kó ewúrẹ́ lọ sí àtẹ̀gùn mọ́sálásí, a ó kó ẹní lọ sílé Làsísì tó wà lórí òkè, a ó sì máa sùn síbẹ̀ bí ẹni tó wá ṣọdún. Bí omi bá fà, ìlà pupa kan á wà lára ògiri gbogbo ilé. Ìyá àgbà wa, ìyá tó bí bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, kì í jẹ́ kí ìlà náà gbẹ. Á po amọ̀ mọ́ bọ́tọ̀ màlúù, á to gbogbo wa lọ́wọ̀ọ́wọ́, a ó sì máa fi ọwọ́ pa ìlà náà rẹ́ yí ilé ká.

“Ẹ pa á rẹ́ dáadáa! Àbí ẹ fẹ́ kí omi máa rántí ibi tó dé ni?”

Mo fi díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn lọ́dún kan, torí mo fẹ́ mọ̀ bóyá màá ti ga ju omi lọ tó bá tún dé. Màmá rí i. “Ta ló fi àmì sílẹ̀ fún un níbí?” Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́, ó sì fi amọ̀ tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kùn mí níwájú orí. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀ tí omi fi sílẹ̀ á dúdú, á rọ̀, a ó gbin àgbàdo àti tẹ̀tẹ̀ sí i, ìbẹ̀wò náà á sì di oúnjẹ.

Mo wà ní yunifásítì nígbà tí ìjọba sọ pé àwọn fẹ́ fi dáàmù sé Olókùúta. Jọ́gíráfì ni mò ń kà. Ọdún yẹn gan-an ni olùkọ́ wa ya àwọn odò Yúróòpù sójú pátákó, mo sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya odò Mosẹ́lì pẹ̀lú gbogbo kọ́ọ̀nà rẹ̀ láìwo ìwé. Olókùúta ò sí nínú máàpù kankan tí wọ́n fi kọ́ wa. Bàbá mi ti kú nígbà náà. Àwọn òṣìṣẹ́ wá sí abúlé, wọ́n ka ilé, wọ́n ka igi kòkó, wọ́n ka ọ̀pẹ. Wọn ò ka òkú. Wọ́n fi lọ́rì kó àwọn ènìyàn mi lọ sórí òkè kan tí kò ní igi kan, níbi tí ilé onípáànù tò sí bí páálí ní wíáháòsì tó yí wa ká níhìn-ín. Màmá ò lò ju ẹ̀ẹ̀rùn kan lọ níbẹ̀. Làsísì ló gbé òkú rẹ̀ lọ sin, nítorí mò ń ṣe ìdánwò.

Odò Mosẹ́lì tí mo yà láìwo ìwé yẹn ni Kúdí fẹ́ mú mi lọ wò. Ó jókòó tì mí lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ó gbé fóònù rẹ̀ síwájú mi.

“Daddy, ẹ wò ó. Bó ṣe ń yí láàárín òkè nìyẹn, ọgbà àjàrà ló bo òkè yẹn látòkè délẹ̀. Kò sí ariwo rárá. Ọkọ̀ ojú omi ló máa gbé wa jẹ́ẹ́jẹ́, ẹsẹ̀ ò ní dùn yín.”

“Àwa tí a ò mu ọtí, kí la fẹ́ lọ mu níbẹ̀?”

“They have grape juice, Daddy.”

“Ká wọ bàálù kọjá òkun lọ mu jùúsì? Jùúsì ti tán ní Bolton ni?”

“Daddy, ẹ̀yin náà!” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé orí lé mi léjìká.

Ó ń bá a lọ. Ó ní ìdílé kan náà ló máa ń ni ọgbà kan, láti bàbá ńlá dórí ọmọ ọmọ. Tí ilẹ̀ bá ń ṣú, wọ́n á gbé tábìlì sábẹ́ ewé àjàrà, àlejò á bá wọn jókòó, á jẹ búrẹ́dì wọn. Arúgbó láti gbogbo ayé ló ń lọ síbẹ̀, kí wọ́n kàn jókòó kí wọ́n máa wo omi. Kò sí irọ́ níbẹ̀, ó sì dára. Ohun tó ń dùn mí ni pé kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tí kò sí lọ́wọ́ àwa náà tẹ́lẹ̀.

Ó wá yí àwòrán kan kọjá. Mo ní kó dá a padà. Ògiri ilé kan ni, ìlà wà lára rẹ̀ lórí ara wọn, wọ́n sì kọ ọdún sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan.

“Kí nìyí?”

“Oh, that one. Ibi tí omi dé nìyẹn. Ìgbàkígbà tí odò bá kún, wọ́n máa ń fi àmì sí i. It's cute, àbí?”

Mo gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlà kan ga ju orí ilẹ̀kùn lọ. Nísàlẹ̀ rẹ̀, obìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò òdòdó, ó ń rẹ́rìn-ín. Omi ti dé òkè orí rẹ̀ nígbà kan, ó sì ti padà lọ. Tí omi bá padà lọ, ènìyàn lè máa kọ ọdún sára ògiri. Màmá ní kí a má jẹ́ kí omi rántí ibi tó dé sílé wa. Ìjọba ló lọ rán an létí.

Mo gbé fóònù sílẹ̀. “Kúdí, mú mi lọ sílé.”

Ó mí kanlẹ̀. “Daddy, a ti sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀nà yẹn ò dáa. They are kidnapping people. Ẹ̀yin náà ń gbọ́ news.”

“Làsísì máa wá pàdé wa.”

“Uncle Làsísì? Pẹ̀lú kí ni? Ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn.” Mi ò lè já a nírọ́. Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Kí lẹ tiẹ̀ fẹ́ lọ wò gan-an? Omi lásán ni.”

“Bàbá mi wà níbẹ̀.”

Ó mú ọwọ́ mi, ó ń fọwọ́ ra ibi tí iṣan ti yọ. Ẹ̀rù ló ń bà á, kì í ṣe agídí. Ó mọ̀ pé kò séwu fún mi níbí, kò fẹ́ kí n lọ kú sọ́wọ́ ọmọkọ́mọ nínú igbó. “Next year, Daddy. I promise.”

Mo ní, “Inṣáláhù.” Ní mọ́sálásí wa, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, gbogbo àwa àgbà la máa ń sọ ọ́ bí a ṣe ń wọ bàtà òtútù wa. Ọdún tó ń bọ̀ ni gbogbo wa ti ń lọ sílé láti ìgbà tí a ti dé Kánádà. A ti sin lára wa síbí.

Làsísì pè lánàá.

“Ọmọ Lèmọ́mù! O ti dé pápákọ̀ bàálù?”

“Jámánì là ń lọ.”

“Kí ló wà ní Jámánì?”

“Odò.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dá a dúró. “Odò kẹ̀? Oríire ẹ ò ní tán.” Nígbà tó mí tán, ohùn rẹ̀ yí padà. “Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ lóru. Omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Mo tètè lọ kí wọn ní sàréè láàárọ̀, mo sọ fún wọn pé o ń bọ̀.”

“Làsísì, ta ló ní kó o purọ́ fún òkú?”

“Kí lo wá fẹ́ kí n sọ fún wọn?”

Nígbà tí a sọ̀rọ̀ tán, mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí.

Mo máa lọ sí Jámánì. Màá jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi wọn, màá rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò, torí tìfẹ́tìfẹ́ ni ọmọ mi fi ṣe é, kò sì jẹ mí ní ohun tó ju ìyẹn lọ. Ilé wọn ṣì dúró, ọmọ wọn ṣì ń ṣe iṣẹ́ bàbá wọn, odò wọn ṣì ń ṣàn kọjá lẹ́nu ọ̀nà wọn, ayé sì ń lọ wò ó. Tiwa ò ṣàn mọ́. Ó kàn dúró lórí bàbá mi.